Ìdáhùn: "Èéfín oníjẹjẹrẹ"? Ta ni àìsàn ń ṣe, àwa ni àbí èéfín?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń pa á mọ́ra. Àbúrò wa ń túmọ̀ ìwé kan lórí afẹ́fẹ́ ìlú ńláńlá. Ó dé ibi tí wọ́n ti sọ pé ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, àwọn tó wà ní Lyon nílẹ̀ Faransé, ka afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn lọ́dún 2013, ìsọ̀rí kìíní pàápàá, ìyẹn ti àwọn ohun tí ẹ̀rí wọn ti dájú, àti pé wọ́n ti ka èéfín ọkọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn ní 2012. Ó wá kọ ọ́ pé: "èéfín oníjẹjẹrẹ". Ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un!

Oníwárápá ni ẹni tí wárápá ń gbé. Onígègè ni ẹni tí gègè yọ lọ́rùn. Onílàkúrègbé ńkọ́? Bí èéfín bá wá di oníjẹjẹrẹ, ṣé ká lọ bẹ̀ ẹ́ wò ni? Ká ra ọsàn dání?

Àbúrò fèsì pé "ejò olóró" ńkọ́, ṣebí oní- náà ló wà nínú olóró, oró ejò kì í sì í pa ejò. Èsì tó dáa ni, mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n oró wà lẹ́nu ejò, ó ń gbé e kiri. Jẹjẹrẹ kò sí nínú èéfín. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àwọn èròjà bíi benzene, àti eruku kan tó kúnná ju ẹ̀lúbọ́ lọ, tó jẹ́ pé bí ẹ bá to bí ọgbọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìbú irun orí kan ṣoṣo ni. Irun imú ò lè dá a dúró, ó di inú ẹ̀dọ̀fóró. Lára wa ló ti ń di jẹjẹrẹ. Ẹ pè é ní èéfín olóró, n ò ní jà.

"Afajẹjẹrẹ", ìyẹn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ, ni mo fi lọ̀ yín dípò "oníjẹjẹrẹ". Ẹ̀gbọ́n wa tó ti fi ogún ọdún kọ́ni ní Yorùbá ní kí n fi àmì ìsàlẹ̀ sórí fà, "gẹ́gẹ́ bí afàwọ̀rajà". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó fi àwọ̀ ra ọjà ni afàwọ̀rajà. Fi ló wà níbẹ̀, àwọ̀ ló sì ni àmì ìsàlẹ̀ yẹn. Fà ò débẹ̀ rárá. "Fà á" là ń wí, ṣùgbọ́n "fa okùn". Àbí ní ọ̀dọ̀ tiyín, ẹ máa ń "fà okùn"?

Dókítà wa tó wà ní London ní "fa" ti le jù, kí "ewu" wọ inú ọ̀rọ̀ náà, torí bí ẹ̀rí ṣe dájú tó ni ìsọ̀rí kìíní ń sọ, kì í ṣe bí ewu ṣe pọ̀ tó. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó mí in símú ló máa ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ń sọ pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ, gbogbo ẹni tó ń fa sìgá kọ́ ló ń ṣe.

Nílé wa ní Mushin, jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló wà lẹ́yìn wíńdò kan. Àràárọ̀ ni ìyá mi ń fi àkísà tútù nu gíláàsì ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó na àkísà náà sí mi, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní, "Èyí tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì rèé o. Èyí tó wọ̀ wá láyà ńkọ́?" Màmá ò kàwé, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, kò fi oní- kankan sí i.

Ní ti ẹni tó ní "jẹ-jẹ-rà" ni ìpìlẹ̀ jẹjẹrẹ, tó ní bàbá òun àgbà ló sọ fún òun: kó kọ́kọ́ sọ ohun tó sọ rà di rẹ fún mi ná.