Ìgboyà olùkọ́ kọ́ o, ẹ jẹ́ ká wá nǹkan míì

Ẹ kú ìjíròrò o. Àbúrò wa tó ń ṣèwádìí lórí bí ọwọ́ tí púrínsípà fi ń mú ilé-ìwé ṣe ń kan àwọn tíṣà lọ́kàn ní ká bá òun wá ọ̀rọ̀ fún self-efficacy, ẹnìkan sì ti sáré fún un ní "ìgboyà olùkọ́". Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìgboyà ni ti kọ́pà tí wọ́n ní kó lọ kọ́ SS2 ní máàtì, tí kì í ṣe ohun tó kà ní yunifásítì rárá, tó sì dúró gbagidi níwájú wọn tó ń pariwo. Àyà ò já a lóòótọ́, àmọ́ ṣé apá ẹ̀ ká a?

Ohun tí Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí èèyàn tó mú ọ̀rọ̀ self-efficacy wá, ti sọ láti 1977 nìyẹn, pé kó dá èèyàn lójú pé apá òun á ká iṣẹ́ kan pàtó. Iṣẹ́ kan pàtó o, torí tíṣà kan lè mọ̀ pé tó bá di ká ṣàlàyé òun ò lẹ́gbẹ́, kí àwọn ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ ariwo báyìí, ó parí. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè tí àwọn olùwádìí méjì kan, Tschannen-Moran àti Woolfolk Hoy, fi wọn àwọn tíṣà wò ní 2001 fi ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: ọgbọ́n ìkọ́ni, kíkó kíláàsì níjàánu, àti mímú kó wu ọmọ láti kẹ́kọ̀ọ́.

"Apákáṣẹ́" ni mo mú wá fún self-efficacy. "Apá mi ká a" là ń sọ nílé lójoojúmọ́, ta ló máa béèrè ìtumọ̀ ẹ̀? Ẹ má mú "ìdára-ẹni-lójú" wá o, ẹni tí wọ́n bá ní "ó dára ẹ̀ lójú" kì í ṣe pé wọ́n ń yìn ín.

"Ìṣàkóso" tó wà lákòrí ìwádìí àbúrò wa náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìṣàkóso ni ká yẹ táìmù búùkù wò, ká fọwọ́ sí lẹ́sìn nóòtù. Mo mọ púrínsípà kan tó máa ń já wọ kíláàsì, á gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ tíṣà, á pa ohun tó kọ rẹ́, á tún un kọ lójú àwọn ọmọ. Ó mọ iṣẹ́ gan-an o! Àmọ́ látìgbà yẹn, kí tíṣà ọ̀hún tó kọ nǹkan sójú pátákó, ẹnu ọ̀nà ló kọ́kọ́ ń wò. Ẹni tó rọ́pò ẹ̀ máa ń jókòó sẹ́yìn ni, tí wọ́n bá jáde tán á pè ọ́ sí ọ́fíìsì, "ibí yìí dáa, ibí yìí, wá wo bí mo ṣe ń ṣe é lọ́la", á sì kọ́ wọn lóòótọ́ kí ìwọ náà máa wò. Bandura ní ohun téèyàn ti ṣe yọrí fúnra ẹ̀, èyí tó rí kí ẹlòmíì ṣe, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un àti bí ara ṣe ń ṣe é ló ń bí apákáṣẹ́, kò sì séyìí tí ọwọ́ púrínsípà ò lè dé níbẹ̀, yálà láti tún un ṣe tàbí láti bà á jẹ́.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ "ìṣíwájú", bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn olóṣèlú ti fẹ́ gba aṣíwájú mọ́ wa lọ́wọ́. Àkòrí ẹ̀ á wá di "Ìṣíwájú púrínsípà àti apákáṣẹ́ àwọn tíṣà". Ẹni tí kò bá dùn mọ́ létí kó mú tiẹ̀ wá, kó ṣáà má jẹ́ ìgboyà.