Ọrùn tó ń ro mí ni kò jẹ́ n sùn: ẹ sọ bí ẹ̀yin ṣe ń ṣe é

Aránṣọ Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Aṣọ obìnrin ni mò ń rán. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé tí aṣọ ẹbí bá ti wọlé, orí títẹ̀ sórí máṣíìnì náà ni láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìrora ọ̀sán ò ká mi lára tó bẹ́ẹ̀, torí mo lè dìde, kí n nara, kí n tún jókòó. Ti òru ló sú mi. Tí mo bá fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, á máa fà mí láti ìpákọ́ wá sí èjìká. Kí n yí sí òsì, ibẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́ta, mo ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wo ọkọ mi tó ń hanrun. Tílẹ̀ bá wá mọ́, ọrùn á ti gan. Ẹni tó bá pè mí láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ni mo fi ń yí dá a lóhùn.

Mo ti fi òrí pa á, mo ti fi Aboniki pa á. Ó ń gbóná, ó sì ń dẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Oògùn ara ríro tí mo rà ní kẹ́mísítì, inú ló ń ta mí. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá oògùn míì. Ẹ̀yin tí ọrùn ti dùn rí, báwo lẹ ṣe ń sùn? Ìrọ̀rí mélòó? Orí fóòmù ni àbí orí ẹní?

Ọmọ Olúyọ̀lé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, ohun tó ṣe yín náà ló ṣe mí. Wọ́n ní kí n lọ rí àwọn físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá àti ìfọwọ́ra wo ara ríro, ní ilé ìwòsàn UCH, n'Ìbàdàn níbí. Mo rò pé wọ́n á kàn fọwọ́ ra mí lọ́rùn ni. Ìyá tó dá mi lóhùn ní kí n kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn bí mo ṣe máa ń sùn nílé. Ni mo bá to ìrọ̀rí méjì léra, mo dakùn délẹ̀, mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ lo ń ṣe ara ẹ."

Àlàyé tó ṣe fún mi rèé. Eegun 7 ló wà nínú ọrùn. Orí àgbàlagbà tó kílò 4.5 sí 5. Bí orí bá ṣe ń tẹ̀ síwájú tó ni ẹrù yẹn ṣe ń wúwo sí i fún ẹran ara tó wà lẹ́yìn ọrùn, alẹ́ nìkan ni wọ́n sì ní láti fi sinmi. Ẹni tó bá dakùn délẹ̀ kò lè má yíjú, torí ó gbọ́dọ̀ mí. Ọrùn á wá wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ta ló lè yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí dìgbà ìrun àsùbáà, tí ọrùn ò ní dùn ún?

Ti ìrọ̀rí: tẹ́ ẹ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àyè kan máa ń wà láàrin etí yín àti fóòmù, èjìká ló fa àyè yẹn. Kí ìrọ̀rí kún un gẹ́lẹ́, kí imú yín àti ìdodo yín wà lójú ìlà kan. Tó bá ga jù, orí á tẹ̀ sókè. Tó bá pẹlẹbẹ jù, orí á já sísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn lẹ fi lélẹ̀, èyí tó pẹlẹbẹ ló dáa, kẹ́ ẹ wá ká aṣọ ìnura kékeré kan, kẹ́ ẹ tì í sínú àpò ìrọ̀rí ní etí ìsàlẹ̀, kó bọ́ sí kòtò ọrùn. Ẹ tún fi nǹkan sábẹ́ orúnkún. Èjìká ò gbọdọ̀ gun ìrọ̀rí o, orí àti ọrùn nìkan ni.

Oògùn tó ń ta yín nínú yẹn, bó bá jẹ́ ibuprofen tàbí diclofenac, ẹ má fi sórí ikùn òfìfo mọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ má tiẹ̀ fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i.

Awakọ̀ Ìlọrin

Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ kú làálàá. Inú mọ́tò lèmi ń sùn ní gáréèjì lọ́pọ̀ ìgbà, ìrọ̀rí wo ni mo fẹ́ wọ̀n? Onígbàjámọ̀ mi ló ń bá mi yanjú ọrùn. Tó bá gẹ irun mi tán, á fi ọwọ́ kan mú àgbọ̀n, á fi èkejì di ìpákọ́ mú, á ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ dẹ ara", kí n tó mí, ó ti lọ́ ọ. Kà! Ó tún lọ́ ọ sódì kejì. Kà! Oorun tí mo máa ń sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má bi mí.

Ọmọ Olúyọ̀lé

Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó máa gẹrun nìkan. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ gba inú eegun ọrùn kọjá lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Lílọ́ òjijì bẹ́ẹ̀ lè fa inú iṣan náà ya, kí ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀, kó sì di rọpárọsẹ̀. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí kì í rí i tún ṣe bọ̀rọ̀. Tí mọ́tò bá sì ni ilé oorun yín, ẹ má jẹ́ kí orí máa já síwájú tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ rọ ìjókòó yẹn sẹ́yìn dáadáa, kẹ́ ẹ wé aṣọ nípọn yí ọrùn ká kó lè gbé àgbọ̀n dúró.

Awakọ̀ Ìlọrin

Háà! Láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣe é fún mi o. Ó dáa, mo ti gbọ́. Mo máa sọ fún un. Á bínú, torí owó ọ̀tọ̀ ló ń gbà fún un.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Ẹ ò tíì kan àwa tó ń dirun. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi atáṣímẹ́ǹtì di irun fún mi, orí á máa ta mí, mi ò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo bá wá kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ìpákọ́, kókó yẹn á ti orí mi síwájú, àgbọ̀n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Onídìrí mi ló sọ fún mi pé kí n máa kó o sókè sí àtàrí, tàbí kí n dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó gba orí ìrọ̀rí kọjá. Mo tún ti sọ fún un pé kó má fa iwájú orí mi le mọ́. Ẹwà wo ló wà nínú kéèyàn má lè sùn?

Ṣùgbọ́n irun kéré sí ti ọmọ ọmú. Nígbà tí mo bí Táyé àti Kẹ́hìndé, tí ọ̀kan bá mu tán, èkejì á ké. Mo máa ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, màá fi ọwọ́ gbé orí ara mi dúró, màá máa wo ọmọ bó ṣe ń mu. Oorun á gbé mi lọ báyẹn. Tí mo bá tají, ọrùn ti di pákó. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn tí a ti ń gbabẹ́rẹ́ àjẹsára ló kọ́ mi pé kí n jókòó, kí n fẹ̀yìn ti ògiri, kí n gbé ìrọ̀rí sórí itan, kí n wá tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀. Ó ní kí ọmọ gòkè wá bá ọmú, kí ọmú má lọ bá ọmọ nísàlẹ̀. Mo tún ń fi ẹ̀yìn orí ti ògiri, dípò kí n máa wo ọmọ nílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọmọ tuntun, tọ́mọ bá mu tán, ẹ kó gbogbo ìrọ̀rí kúrò níbi tó ń sùn o. Ó lè dí i nímú.

Tó bá ti gan, omi gbígbóná ni tiwa nílé. Ẹ rẹ aṣọ ìnura sínú rẹ̀, ẹ fún un gbẹ, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ ọ wò kó má bó yín, kẹ́ ẹ wá fi lé ẹ̀yìn ọrùn fún bí ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ fi òrí pa á lẹ́yìn ìyẹn.

Ọmọ Ìbàdàn ní Manchester

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó níbí, òru la fi ń ṣiṣẹ́, ojúmọmọ la fi ń sùn. Yíyí èèyàn tó wúwo lórí bẹ́ẹ̀dì ló kó bá ọrùn mi. Mo ra ìrọ̀rí olówó ńlá kan tí wọ́n ṣe bí ìgbì òkun, tí wọ́n kọ "fún ọrùn" sí lára. Ó ga jù fún mi, èjìká mi ò fẹ̀. Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi tó sanra ló ń lò ó báyìí, ó sì ń yìn ín. Ẹ má jẹ́ kí owó orí ìrọ̀rí tàn yín, gíga rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní England, èèyàn lè forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ físíò NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, láìkọ́kọ́ rí GP, dókítà àdúgbò. Mo dúró pẹ́ kó tó kàn mí, ṣùgbọ́n ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni èyí tó rọrùn jù: jókòó tààrà, má wolẹ̀, má wòkè, fa àgbọ̀n sẹ́yìn gbọnrangandan bí ẹni tó ń sá fún ẹnu tó ń rùn. Dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 5, tú u sílẹ̀, ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Mò ń ṣe é nínú bọ́ọ̀sì, àwọn òyìnbó á máa wò mí. Lẹ́yìn náà, rọ etí sí èjìká díẹ̀díẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Má fi tipátipá ṣe é.

Nígbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í ta gba apá mi lọ sí ìka, GP fún mi ní amitriptyline 10 mg, oògùn ìrora iṣan, kí n máa lò ó lálẹ́. Oorun dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu á gbẹ, ojú á wúwo nígbà tí mo bá jí. Ẹ má lọ gba ti ẹlòmíì lò o, ó lè kọlu oògùn míì tẹ́ ẹ ń lò. Kóólà ọrùn, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ ọrùn láti gbé e dúró, tí mo béèrè, wọn ò fún mi. Wọ́n ní tó bá pẹ́ lọ́rùn, ẹran ara ibẹ̀ á di ọ̀lẹ.

Bàbá Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Mo ti lé ní 70. Wọ́n ya àwòrán eegun ọrùn mi, wọ́n ní ó ti jẹ, wọ́n pè é ní spondylosis. Jìnnìjìnnì bò mí. Dókítà ní kí n fọkàn balẹ̀, pé tí wọ́n bá ya àwòrán ọrùn gbogbo àgbà tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n á rí i lára púpọ̀ nínú wọn, tí nǹkan kan ò sì dùn wọ́n. Ìrọ̀rí kan tó rẹlẹ̀ ni mo fi ń sùn, rédíò kékeré sì wà létí mi dípò fóònù tó máa ń tẹ èèyàn lórí ba.

Mo fẹ́ sọ ti ọ̀rẹ́ mi kan, torí òun ò ka ọrùn sí rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì. Kò lè de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ mọ́, ìyàwó ló ń bá a dè é. Lẹ́yìn náà, bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò ní mọ̀ títí ọmọ á fi sáré gbé e wá. Nílé, wọ́n ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n gbé e káàkiri ilé àdúrà. Eegun ọrùn ló fún okùn iṣan tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, díẹ̀ ti bàjẹ́ tí kò padà mọ́. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní.

Torí náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń kú tipiri, tí nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tàbí tí kò lè kó ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró, kó má bá wa sọ ti ìrọ̀rí. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí mọ́tò tàbí ọ̀kadà gbá ńkọ́? Bákan náà. Ibà pẹ̀lú ọrùn tó gan, tí orí ń fọ́, tí ìmọ́lẹ̀ ń ni ojú lára, ó lè jẹ́ yírùnyírùn, ìyẹn kì í dúró de ilẹ̀ mọ́.

Aránṣọ Abẹ́òkúta

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Ti èmi ò tíì dé ibẹ̀, ọwọ́ mi ṣì ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ geere.

Mo ní kí n jábọ̀ fún yín. Mo fi búlọ́ọ̀kù gbé tábìlì máṣíìnì sókè, mo sì ń gbé etí aṣọ tí mo ń fọwọ́ kán sórí páálí lórí itan, kó lè súnmọ́ ojú mi. Ìrọ̀rí ni mo wá dojú kọ. Ti ilé wa, fóòmù jíjá ni wọ́n kì sínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti sá jọ sí apá kan, ó le koko. Mo tú ojú rán rẹ̀, mo da gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, mo fọwọ́ ya àwọn tó ti dì. Mo rán síìpù sí i. Mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọkọ mi mú téèpù mi, ó nà án láti imú mi lọ sí ìdodo. Ó ní, "Orí ẹ ṣì ga." Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan jáde. Ó ní ó ṣì ga. Mo tún bù. Ìgbà tó tọ́, ìrọ̀rí náà kéré débi tí mo fi rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo fi aṣọ gbígbóná tẹ ọrùn, mo sùn lé e.

Kò tíì tán o, ẹ má jẹ́ n parọ́. Mo ṣì ń jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tí mo bá jí báyìí, mo lè yíjú wo aago láìdìde, oorun á sì tún gbé mi.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo

Síìpù yẹn dùn mọ́ mi! Ẹ bá mi rán méjì. Mélòó lẹ máa gbà?

Awakọ̀ Ìlọrin

Ẹ rán ti mọ́tò fún èmi náà, èyí tó máa wé ọrùn ká. Owó tí mi ò san fún onígbàjámọ̀ mọ́ wà lọ́wọ́ mi.

Aránṣọ Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n ra fóòmù ná, kí n tó dá iye lé e. Ìyá Ìbejì, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ìdí ọrùn dé ṣóńṣó èjìká, kẹ́ ẹ kọ ọ́ ní ínǹṣì ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, ti yín, kí ẹnìkan bá yín wọn àyíká ọrùn. Ẹ má fún téèpù náà o.