Ẹ wá gbọ́ o: àdúrà wo lẹ kọ́ tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi tọ́ yín dàgbà?

Ọmọ Ìjẹ̀mọ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Inú ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí, Ìwé Àdúrà la ń kà, àlùfáà á ka tiẹ̀, àwa náà á dáhùn. Ìgbà tí mo wọ yunifásítì ni mo bọ́ sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, ibẹ̀ ni mo ti gbà pé téèyàn ò bá ké, àdúrà ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ké é. Lọ́dún tó kọjá ni kókó kan hù síbi tí ohùn ti ń jáde lọ́fun mi, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, dókítà ní mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, wúyẹ́wúyẹ́ pàápàá kò gbọdọ̀ jáde. Alẹ́ àkọ́kọ́ mo kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, mo la ẹnu, mo rántí, mo pa á dé, mo bú sẹ́kún. Ó dà bíi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Ọjọ́ kẹta ni mo ka Sámúẹ́lì kìíní orí kìíní, ibi tí ètè Hánà ń mì tí a ò gbóhùn ẹ̀, tí Élì rò pé ó mutí yó. Mo gbé Bíbélì lé itan, mo jókòó jẹ́ẹ́, mi ò bèèrè nǹkan kan. Mo ṣáà mọ̀ pé Ó wà níbẹ̀. Ohùn mi ti padà báyìí, àmọ́ mo ṣì ń jókòó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Bàbá Aké: Ọmọ mi, o ṣeun. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ má gbàgbé ìyá Samuel Ajayi Crowther. Abẹ́òkúta níbí lòun àti ọmọ ẹ̀ ti tún rí ara wọn ní 1846, ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n kó ọmọ yẹn lẹ́rú lọ. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìrìbọmi fún un ní 1848, Hánà ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ìyá Sámúẹ́lì. Ta ló mọ ohun tí ètè ìyá yẹn ti sọ láàárín ọdún 25 yẹn, nígbà tí kò tíì mọ orúkọ Jésù rárá.

Sisí Kútọ̀: Ọlọ́run ń gbọ́ ti odi.

Jagunjagun Àdúrà: Mo bá yín yọ̀ pé ara ti yá, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ àwọn èèyàn di ọ̀lẹ o. Bátímáù afọ́jú ké pe Jésù! Wọ́n ní kó dákẹ́, ṣe ló tún pariwo sí i. Ká ní ó dákẹ́ ni, ẹ̀bá ọ̀nà Jẹ́ríkò ni ì bá wà títí dòní.

Ìyá Aládìrẹ: Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìtòkú ni mo ti ń rẹ aṣọ. Tẹ́lẹ̀, tí mi ò bá rí àyè kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọkàn mi á máa dá mi lẹ́bi títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí aago márùn-ún àárọ̀ mo ti wà nídìí aró. Ó wá tó ọjọ́ kan, mo fa aṣọ yọ nínú aró, ẹ mọ̀ pé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde àwọ̀ ewé ló máa ń ní, atẹ́gùn á wá fẹ́ sí i, ojú ẹ báyìí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù, láti etí wá sáàárín. Mo dúró mo ń wò ó, aró ń kán láti orí ìbọ̀wọ́ mi, ó kàn bọ́ lẹ́nu mi pé Olúwa, bí O ṣe ń ṣe èyí, bá mi ṣe Káyọ̀dé bẹ́ẹ̀. Látìgbà yẹn, ìgbà tí mo bá ri aṣọ bọ̀ ọ́ kan, ọmọ kan ni. Ọmọ márùn-ún ni mo bí, mo sì máa ń ri aṣọ dáadáa kó tó dúdú, gbogbo wọn ló ń kàn.

Ọmọ Ìjẹ̀mọ̀: Mọ̀mí, omi ti bọ́ lójú mi.

Màríà Lántòrò: Ti ìyá ìyá mi ni kí n sọ. Kátólíìkì ni wá, rósárì ni wọ́n fi kọ́ mi. Mo sá fún un nígbà tí mo dàgbà, mo ní kò nítumọ̀, "Mo kí ọ Màríà" mẹ́wàá, mẹ́wàá mìíràn, títí dé àádọ́ta. Ìgbà tí ìyá ìyá mi yẹn kú tí orí mi ò lè to ọ̀rọ̀ kan mọ́ kejì, rósárì wọn ni mo mú, ìlẹ̀kẹ̀ kan ti já lára ẹ̀, wọ́n fi òwú dúdú so ó. Àtàǹpàkò mi tó bá dé ojú òwú yẹn, ó máa ń dà bíi pé wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Jagunjagun Àdúrà: Ẹ kú ìdárò o. Àmọ́ Mátíù 6:7 ní ká má ṣe àtúnwí asán.

Bàbá Aké: Asán ni Jésù sọ, kò sọ pé àtúnwí. Ṣí Orin Dáfídì 136, ẹsẹ 26, ìgbà 26 ló ní àánú rẹ̀ dúró láéláé. Nínú ọgbà Gẹtisémánì ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kẹta ni Jésù fúnra rẹ̀ padà lọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Jagunjagun Àdúrà: Mo gba ti 136 yẹn, sà. Mi ò kà á bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Ìbejì Asẹ́rò: Ẹ jẹ́ kémi náà sọ tèmi torí ó ti pẹ́ nínú mi. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gbàdúrà kí àbúrò ọkọ mi obìnrin ṣubú. Wọ́n sọ fún mi níbi àdúrà kan pé òun ló so ilé ọmọ mi, mo sì gbà á gbọ́, aago méjìlá òru ni mo máa ń dìde, Orin Dáfídì 35 àti 109, orúkọ ẹ̀ lẹ́nu mi, mo ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ títí àwọn ará ìsàlẹ̀ fi ń kan àjà. Oyún ìbejì wá dé, ó ku oṣù kan kí n bí ẹ̀jẹ̀ mi ru, wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù, ta ló ń gbé àmàlà àti ewédú wá láti Àdàtán lójoojúmọ́? Òun ni. Ìgbà tí mo bímọ, ó fọwọ́ ara ẹ̀ fọ aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ mi wà lára ẹ̀, ó ń kọrin. Mi ò lè wo ojú ẹ̀. Àdúrà tí mo wá kọ́ rèé: màá dárúkọ èèyàn níwájú Ọlọ́run, màá sì dákẹ́. Mi ò ní kọ́ Ọ ní ohun tí Ó máa fi ṣe é.

Sisí Kútọ̀: Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Dẹ́rẹ́bà Láfẹ́ńwá: Ṣé ẹ ti sọ fún un?

Ìyá Ìbejì Asẹ́rò: Rárá o. Ọdún keje rèé.

Dẹ́rẹ́bà Láfẹ́ńwá: Ẹ sọ fún un mà. Mátíù 5 ní ká fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ ká kọ́kọ́ lọ bá ẹni náà làjà.

Sisí Kútọ̀: Kó lọ sọ kí ni? Èèyàn tí kò mọ nǹkan kan! Ẹ fẹ́ tú ẹbí ká ni? Ẹ fi sáàárín òun àti Ọlọ́run.

Màríà Lántòrò: Èmi, tó bá jẹ́ pé èmi ni àbúrò ọkọ yẹn, màá fẹ́ mọ̀. Ó máa dùn mí, àmọ́ màá fẹ́ mọ̀.

Jagunjagun Àdúrà: Mo ní orúkọ ẹnì kan tí mò ń pè lóru bẹ́ẹ̀. Mi ò ní pè é lálẹ́ yìí.

Ìyá Ìbejì Asẹ́rò: Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ìyá Aládìrẹ, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi mú àbúrò ọkọ mi dání nídìí aró lọ́la. Kí n lè rí ẹnu sọ ọ́.

Ìyá Aládìrẹ: Mo gbọ́, ọmọ mi. Aṣọ mẹ́fà ló wà nílẹ̀, tiẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé. Kí lorúkọ ẹ̀?

Ìyá Ìbejì Asẹ́rò: Màá fi ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀.