Ìbọn akirarẹ̀ ni mo fara mọ́, kì í ṣe "aládàáṣe"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí àbá yín pé kí a pe ìbọn tó ń ki ọta fúnra rẹ̀ ní "ìbọn aládàáṣe" nínú àlàyé tí a ń ṣe fún àwọn ọmọ Yorùbá tó fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí ààbò ìbọn ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn.

Láti ọdún 2015 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí ẹni tó fẹ́ ra ìbọn, ìbáà ṣe ìléwọ́ tàbí gígùn, kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò oníbèéèrè 30. Ó kéré tán, kó gba 23. Bí ìbọn ṣe ń gba ọta àti bí a ṣe ń yọ ọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́.

Ẹni tó bá gbọ́ "aládàáṣe" á rò pé ìbọn náà á máa dún léraléra títí ìka yóò fi kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìfà kan, ìró kan. Ohun tó ń dá ṣe ni pé, bí ọta kan bá ti jáde, á ju èèpo rẹ̀ nù, á sì ti òmíràn sínú ihò tí ọta ń wà kó tó dún. Ibẹ̀ gan-an lewu wà. Bí èèyàn bá fa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn láìtíì yọ máágasíìnì, ìyẹn àpò tí ọta ń wà, ọta kan á jáde, òmíràn á wọlé nígbà tí irin bá padà. Máágasíìnì ni ká kọ́kọ́ yọ, ká wá fa irin sẹ́yìn, ká há a síbẹ̀, ká fojú wo ihò, ká tún fìka kàn án. Nítorí èyí ni mo fi ní kí a pè é ní "akirarẹ̀".

Àwọn ọdẹ ti ń ki ṣakabùlà tipẹ́, ọ̀rọ̀ wọn ni mo yá. Èyí tó jẹ́ pé ọwọ́ la fi ń ti ọta tó kàn wọlé, ẹ jẹ́ ó jẹ́ "afọwọ́kì". "Aṣẹ́nídìí" tí àbúrò wa dá fún ìbọn olójú méjì dára púpọ̀. Bí a bá ti ṣẹ́ ẹ nídìí láti ṣí i, ojú ihò rẹ̀ hàn kedere.

Ó ku ìbọn ìléwọ́ oníyíyí, èyí tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí. Irú kan wà tí àtàńpàkò máa kọ́kọ́ gbé òòlù rẹ̀ (irin tó ń mú kí ọta dún) sókè, ìfà kàn ń tú u sílẹ̀ ni. Ìfà náà fúyẹ́, ó sì yá láti ṣèèṣì dún. Ìkejì, ìfà kan ṣoṣo ló ń gbé òòlù, tó tún ń tú u. Mo dábàá "afàtú" àti "afàgbétú". Ẹni tó bá mọ orúkọ tí ọdẹ ń pe òòlù yẹn, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kí a tó tẹ abala náà.