Ṣé kí n jẹ́rìí níbi ìkórè pẹ̀lú ọ̀fọ̀ yìí?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń gbé, gàrí ni mò ń yan tà. Ọkọ mi ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá. Kò pẹ́ sí i, iná jó ṣọ́ọ̀bù wa. Mo ti padà sídìí agbada, àwọn ọmọ ò kúrò nílé ìwé, Ọlọ́run ló ṣe é. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá orin ọpẹ́, ẹkún á dí mi lọ́fun, màá máa fìka ká etí ìró mi títí wọn á fi kọ ọ́ tán.

Ẹgbẹ́ mi ní kí n jẹ́rìí níbi ìkórè. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti lọ bá pásítọ̀. Wọ́n ní kí n má sunkún mọ́. Sáàmù 13 àti 88 ló tù mí nínú jù, torí ẹni tó ń bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó, Ọlọ́run náà ló ṣì ń bá sọ̀rọ̀. Náómì inú Bíbélì pàápàá, opó bíi tèmi, ò fi ìkorò rẹ̀ pamọ́ fáwọn obìnrin Bẹ́tílẹ́hẹ́mù.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ́rìí náà pẹ̀lú omijé, àbí kí n bẹ̀ wọ́n pé ó di ọdún tó ń bọ̀?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.