Aago láptọ́ọ̀pù Linux tí kì í tọ́ bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ará_kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Debian (irú Linux kan) ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, Wi-Fi orí fóònù nìkan ni mo sì fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá tàn án láàárọ̀, ọdún 2019 ni aago rẹ̀ máa ń pè. Bíráwúsà á kọ̀, á ní ìwé ẹ̀rí àwọn ojú ìwé kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ti kọ `ntpdate pool.ntp.org`, àṣẹ tó ń béèrè àkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sínú `/etc/rc.local`, fáìlì àṣẹ tí ẹ̀rọ ń mú ṣẹ bí ó bá ń tàn, pàbó ló já sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ tẹ àṣẹ kan náà lẹ́yìn tí Wi-Fi ti gbé, ó ń ṣiṣẹ́. Kí ni kí n lò?

ẹ̀gbọ́n_lugbe
Eré àsápajúdé ni rc.local ń sá. Ó ti parí iṣẹ́ kí Wi-Fi tó rí àdírẹ́sì gbà. Ntpdate béèrè àkókò, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó kógbá sílé, kì í sì í padà wá gbìyànjú. Bí ẹnì kan bá ní kó o fi `sleep 60` síwájú rẹ̀, má gbà. Lọ́jọ́ tó o bá pẹ́ tan hotspot, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ á fi lélẹ̀.

Yọ ìlà yẹn kúrò. Fọwọ́ tún aago ṣe ná kí apt, tó ń fi ètò sórí ẹ̀rọ, má bàa bá ọ jà (fi ọjọ́ àti aago òní rọ́pò èyí tí mo kọ), kó o tó fi chrony sí i, ètò tó ń dúró de íntánẹ́ẹ̀tì tó sì ń tún aago ṣe:

`sudo date -s "2026-03-14 08:30"`
`sudo apt install chrony`

Rí i pé ìlà mẹ́ta yìí wà nínú `/etc/chrony/chrony.conf`:

`pool 2.debian.pool.ntp.org iburst`
`makestep 1 3`
`rtcsync`

iburst ló ń jẹ́ kí ìdáhùn àkọ́kọ́ yá. makestep ló ń gba aago láyè láti fò láti 2019 sí òní lẹ́ẹ̀kan náà, bí àṣìṣe bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ, nínú àtúnṣe 3 àkọ́kọ́ nìkan. Bí Wi-Fi kò bá tíì dé, kò sí àtúnṣe kankan tó wáyé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè ọ́. rtcsync ń jẹ́ kí kernel (ọkàn Linux) kọ àkókò tó tọ́ sínú aago ara mọ́tábọọ̀dù ní gbogbo ìṣẹ́jú 11.

ìyá_ìbejì_kaduna
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni, àmọ́ 2019 yẹn fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Bátìrì kékeré orí mọ́tábọọ̀dù ló ti kú. CR2032 ló sábà máa ń jẹ́, fóltì (V) 3. Bí mítà bá ka ohun tó kéré sí fóltì 2.5, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ti láptọ́ọ̀pù sábà máa ń ní wáyà méjì àti ṣọ́ọ̀kì kékeré lẹ́nu, nítorí náà ẹ mú èyí tó ti kú dání bí ẹ bá ń lọ sí Banex ní Wuse. Ẹ wo wáyà pupa àti dúdú dáadáa, nítorí wọ́n lè tò wọ́n lódìkejì lẹ́nu ṣọ́ọ̀kì. Ẹ yọ bátìrì ńlá kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná jó wáyà mọ́ ara bátìrì fúnra rẹ̀, ooru máa ń bà á jẹ́.

tíṣà_zaria
Kó o tó rówó bátìrì, ṣí `/etc/default/chrony`, kó o sọ ọ́ di `DAEMON_OPTS="-s -F 1"`. `-s` yẹn á wo ìgbà tí chrony kọ fáìlì driftfile rẹ̀ kẹ́yìn. Bí ìgbà náà bá wà níwájú ohun tí aago ń pè, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. O lè fi wákàtí díẹ̀ rẹ̀yìn, o ò ní fi ọdún rẹ̀yìn mọ́.

ọmọ_gwarinpa
Nǹkan kan ṣẹ́kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì fà yọ. Bí pásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi bá wà lábẹ́ orúkọ rẹ nìkan, NetworkManager kò ní so ó pọ̀ títí o ó fi wọlé sórí kọ̀ǹpútà. Sọ ọ́ di ti gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà:

`sudo nmcli connection modify "OrúkọHotspot" connection.permissions "" wifi-sec.psk-flags 0 wifi-sec.psk "pásíwọ́ọ̀dù"`

ará_kubwa
Ẹ ṣeun gan-an. Nílé, `chronyc tracking` ti dára. Ṣùgbọ́n lórí Wi-Fi ibi iṣẹ́, `chronyc sources` ń fi `^?` hàn, Reach sì wà ní 0.

ẹ̀gbọ́n_lugbe
Ó jọ pé wọ́n ti dí UDP 123 níbẹ̀, ọ̀nà tí chrony ń gbà béèrè àkókò, ìyẹn ni kò fi rí ìdáhùn. Bí hotspot fóònù bá wà nítòsí, so ó mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú kan, ó parí. Bí kò bá sí, gba àkókò láti ara ìdáhùn wẹ́ẹ̀bù:

`sudo date -s "$(curl -sI http://deb.debian.org | grep -i '^date:' | cut -d' ' -f2- | tr -d '\r')"`

http ni o, kì í ṣe https. Https fúnra rẹ̀ nílò aago tó tọ́ kó tó gbà ọ́ wọlé.

tíṣà_zaria
Bí o bá kàn pa ìdérí rẹ̀ dé tó sùn, tí aago sì ti yà nígbà tó jí, àtúnṣe 3 yẹn ti tán nígbà náà. chrony á máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. `sudo chronyc makestep` ni kó o tẹ̀.

ará_kubwa
Ìbéèrè ìkẹyìn: Windows tún wà lórí ẹ̀rọ náà. Bí mo bá ti ibẹ̀ bọ̀, Linux á fi wákàtí 1 gan-an lé níwájú.

ìyá_ìbejì_kaduna
Àkókò Nàìjíríà ni Windows ń kọ sínú aago mọ́tábọọ̀dù, UTC (àkókò àgbáyé) sì ni Linux rò pé ó wà níbẹ̀, ó wá fi wákàtí 1 tiwa kún un. Ẹ tẹ `timedatectl`: Time zone gbọ́dọ̀ jẹ́ Africa/Lagos, RTC in local TZ gbọ́dọ̀ jẹ́ no. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sínú registry Windows (ibi tó ń kó ètò rẹ̀ sí), kí ẹ fi `RealTimeIsUniversal` sí 1, kí àwọn méjèèjì lè máa ka UTC.