Bí mo ṣe mú Màámi lọ sí Fez: físà Morocco àti ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra

Ó ti pẹ́ tí Màámi ti ń sọ ọ́ pé bí Ọlọ́run bá lọ́ra ẹ̀mí, àwọn fẹ́ dé ibi sàárè Shehu Ahmad Tijani ní ìlú Fez, ní Morocco. Ẹni tó bá jẹ́ Tijaniyyah nínú wa, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tó ń tẹ̀ lé ọ̀nà Shehu yìí, mọ ohun tí ìlú yẹn jẹ́. Ibẹ̀ ni Shehu gbé títí wọ́n fi kú ní 1815, inú zawiya wọn (ilé ìjọsìn àti zikiri) níbẹ̀ náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Mo mú Màámi lọ, a lọ rere, a bọ̀ rere, alihamudulilahi. Àwọn tó ń pè mí láti béèrè bá a ṣe ṣe é ti wá pọ̀, àwọn míì sì ti fẹ́ kówó lé èjẹ́ńtì lọ́wọ́, ìyẹn ni mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí.

Orí físà ni irọ́ pọ̀ sí jù. Páásípọ̀ọ̀tù Nàìjíríà nìkan kò lè gbé èèyàn wọ Morocco, ẹ gbọ́dọ̀ gba físà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Láti 2022 ni wọ́n ti ní físà tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun sì ni àwọn kan fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé físà yẹn wà, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà tó lè gbà á ni ẹni tó bá ti ní físà tàbí ìwé ìgbélùú àwọn orílẹ̀-èdè bíi Amẹ́ríkà, Kánádà, ìlú ọba tàbí ti Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà), tí ọjọ́ rẹ̀ ò sì ní pẹ́ẹ́ parí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wá bá wa níbẹ̀ láti Amẹ́ríkà ní gíríìn káàdì. Orí fóònù ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi ṣe tiwọn, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ọgbọ̀n ọjọ́. Àwọn ọmọ wọn tó ní páásípọ̀ọ̀tù Amẹ́ríkà kò tiẹ̀ nílò físà rárá, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n lè lò. Èmi àti Màámi ńkọ́? Ẹ́ḿbásì Morocco ní Abuja ni a lọ.

Èjẹ́ńtì kan ti kọ́kọ́ sọ fún wa pé ká má wulẹ̀ lọ sí Abuja, pé òun á bá wa gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ká sáà sanwó sílẹ̀. Mo bi í pé ìwé ìgbélùú orílẹ̀-èdè wo ló fẹ́ lò fún Màámi, tí wọn ò dé ibì kankan rí lẹ́yìn Mẹ́kà. Kò rí èsì fọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi tiyín náà ní ìbéèrè yẹn kẹ́ ẹ tó na ọwọ́ sí àpò.

Ìwé tí a kó lọ kì í ṣe tuntun sí ẹni tó bá ti gba físà rí: páásípọ̀ọ̀tù tó ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ, fọ́tò, fọ́ọ̀mù, ìwé báńkì, lẹ́tà ìsinmi láti ibi iṣẹ́ mi, ibi tí a máa dé sí, àti bùkíìn bàálù. Bùkíìn ni mo wí o, ẹ má san owó tíkẹ́ẹ̀tì tán kí físà tó jáde. Màámi ti fẹ̀yìn tì, torí náà ìwé owó ìfẹ̀yìntì wọn ni a lò, pẹ̀lú lẹ́tà tí mo kọ pé èmi ni n ó náwó lé wọn. Ibi tó gba ìṣọ́ra jù ni orúkọ. Orúkọ wọn lórí ìwé ìfẹ̀yìntì fi lẹ́tà kan yàtọ̀ sí ti páásípọ̀ọ̀tù, a sì lọ búra ní kóòtù kí a tó gbé e lọ. Orúkọ Mùsùlùmí tí a ń kọ lọ́nà orísìírísìí yìí ń fa wàhálà púpọ̀ fún àwọn àgbà wa. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé wọn sílẹ̀ lórí tábìlì, kẹ́ ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, náà ṣe kókó, torí àwọn Port Health (òṣìṣẹ́ ìlera) máa ń béèrè rẹ̀ ní pápákọ̀ tiwa. Bàálù Royal Air Maroc máa ń ti Èkó lọ sí Casablanca tààrà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ọlọ́pàá tó ń yẹ páásípọ̀ọ̀tù wò máa bi yín pé níbo lẹ ń gbé. Èdè Lárúbáwá àti Faransé ni wọ́n ń sọ jù, nítorí náà mo ti tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì ilé náà sórí bébà, mo sáà nà án sí i ni.

Owó wọn, dírámù, ẹ ò lè rí i rà nílé, wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn mú ju 2,000 lọ wọlé tàbí jáde. Dọ́là tàbí yúrò ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kẹ́ ẹ ṣẹ́ díẹ̀ ní pápákọ̀, kẹ́ ẹ lọ ṣẹ́ ìyókù ní báńkì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, torí òun lẹ máa fi yí èyí tó bá ṣẹ́kù padà. Ẹni tó bá ní dúróònù tó fi ń ya fídíò, kó fi sílé. Wọ́n máa gbà á ni.

Láti pápákọ̀, ọkọ̀ rélùwéè ni a wọ̀ lọ sí ibùdókọ̀ Casa Voyageurs, a sì pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ sí Fez. Ọ̀nà Rabat àti Meknes ló gbà, ó sì tó wákàtí mẹ́rin. Màámi gbádùn rẹ̀ ju bàálù lọ. Ní Fez, takisí kékeré pupa ló ń gbé èèyàn káàkiri ìgboro. Ẹni mẹ́ta péré ló ń kó, ẹ sì ní kó tan mítà kó tó gbéra. Tó bá ti kọjá aago mẹ́jọ alẹ́, owó rẹ̀ máa ń fi ìdajì lé sí i.

Àwọn tó ń mú àgbàlagbà lọ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Mọ́tò kì í wọ Fez àtijọ́. Ẹnubodè ni takisí máa já yín sí, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé ibi tẹ́ ẹ dé sí, nínú àwọn ọ̀nà tóóró tó ń gòkè tó ń sọ̀. Àwọn ìbaaka ń ru awọ àti gáàsì kọjá, ẹni tó ń dà wọ́n á máa pariwo "Bálak! Bálak!", ẹ sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ògiri kíá. A ti fi fóònù sọ fún onílé kó rán ẹni tó ní ọmọlanke wá pàdé wa ní ẹnubodè, òun ló ti ẹrù. Àwọn ilé yẹn rẹwà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn wọn ga, kò sì sí líìfù. Mo ti ní kí wọ́n fún Màámi ní yàrá ìsàlẹ̀ kí n tó sanwó, orúnkún wọn ò lè gba nǹkan míì. Tó bá jẹ́ oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní ni, ẹ mú aṣọ òtútù gidi dání. Ọyẹ́ tiwa kò tó nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù wọn, pàápàá nínú ilé.

Àwọn ọmọdékùnrin kan á máa sọ fún yín pé ọ̀nà ti dí, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé àwọn. Ọ̀nà ò dí o! Ilé ìtajà awọ ni wọ́n ń mú yín lọ, wọ́n á sì tún gbowó. "La, shukran" (rárá, ẹ ṣé) ti tó, kẹ́ ẹ máa rìn lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ afinimọ̀nà, ẹ ní kí òtẹ́ẹ̀lì bá yín pe èyí tí ìjọba fún ní káàdì.

Inú zawiya, ẹ máa gbọ́ Wolof, ẹ máa gbọ́ Hausa. Àwọn ará Senegal pọ̀ lọ jàra. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gbà yín nímọ̀ràn, kẹ́ ẹ dúró dé lẹ́yìn Ásárì fún hailala, ìyẹn zikiri "La ilaha illa Allah" tí gbogbo èèyàn jọ ń ṣe. Màámi jókòó sáàárín àwọn obìnrin kan tí wọn ò gbọ́ èdè wọn rárá, ṣùgbọ́n nígbà tí zikiri bẹ̀rẹ̀, ohùn wọn wọra. Omijé ń dà lójú wọn, èmi náà ò sì lè mú un mọ́ra. Gbogbo wàhálà Abuja tán lára mi lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni tó bá rò pé látibẹ̀ ni òun á ti kọjá sí Aïn Madhi ní Algeria, níbi tí wọ́n ti bí Shehu, kó mú un kúrò lọ́kàn. Láti 1994 ni ẹnubodè ilẹ̀ àárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ti wà ní títì, físà Algeria sì dá dúró lọ́tọ̀.

Ní ti oúnjẹ, ata ò sí nínú rẹ̀. Màámi mú ata gígún dání, òun la fi ń jẹ ẹran àti búrẹ́dì. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, kó kíyè sí tíì wọn tó kún fún ewé míńtì: ṣúgà rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ sọ pé "bla sukkar" kí wọ́n tó dà á.

Aago wọn àti tiwa dọ́gba, àfi nínú oṣù Ramadan tí wọ́n máa ń dá a padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, ẹ yẹ àkókò ọkọ̀ wò dáadáa nígbà yẹn. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti arúgbó ní pápákọ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti béèrè fún un. Fez nìkan ni èmi mọ̀ o. Ẹni tó bá ti dé Marrakesh tàbí Tangier, ẹ bá wa sọ tibẹ̀.